Lẹ́tà Tó Pẹ́ Kọ́ Ni Lẹ́tà Tó Sọnù

Níbi ìsìnkú Bàbá mi àgbà, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Stone Mountain ní Amẹ́ríkà, èèyàn mẹ́ta ló dìde sọ̀rọ̀ nípa wọn. Ẹni àkọ́kọ́ ní Bàbá fẹ́ràn Ọlọ́run. Òótọ́ ni. Ẹnì kejì ní Bàbá fẹ́ràn ọmọdé. Òótọ́ ni. Ẹnì kẹta ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni Bàbá, pé wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Tọ́lá, ọmọ mi, fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà, àwa méjèèjì sì tẹrí ba bí ẹni tó ń gbàdúrà, kí àwọn èèyàn má baà rí i pé ẹ̀rín là ń rín.

Èmi kò dìde. N kì í ṣe ẹlẹ́nu púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹnìkan sọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́ gan-an, ìdí nìyí tí mo fi jókòó ti ìwé yìí.

Bàbá tó bí ìyá mi ni wọ́n. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni wọ́n nígbà tí wọ́n lọ. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Nàìjíríà, láti Ìkìrun dé Ṣakí, láti Ṣakí dé òkè Ọya. Bàbá Pósítọ́fíìsì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Lẹ́yìn tí ìyá mi àgbà kú, mo ní kí wọ́n wá bá wa ní Amẹ́ríkà. Wọ́n lo ọdún mẹ́tàdínlógún nínú ilé wa. Nígbà tí wọ́n dé, mẹkáníìkì ni mí ní gáréèjì kan ní Tucker, Bísí ìyàwó mi ń ṣe nọ́ọ̀sì, Tọ́lá sì jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún.

Wọn kò tíì lò tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi rìn dé ibi tí obìnrin kan ti ń ta ẹrù àtijọ́ síwájú ilé rẹ̀, lópin òpópónà wa. Mo rí wọn tí wọ́n ń bọ̀, páálí bàtà kan wà lábíyá wọn, wọ́n dì í mú bí ẹni tó gbé adìyẹ bọ̀ látọjà.

"Kí lẹ rà, Bàbá?"

"Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ni mo kó bọ̀."

Mo ṣí páálí náà. "Ẹ́ńfílóòpù ni mo rí o."

"Ẹ́ńfílóòpù lo rí. Ta ló lu òǹtẹ̀ lù wọ́n? Ta ló gbé wọn sórí ẹṣin lójú òjò? Délé, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nìyẹn."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ́ńfílóòpù àwọn ará Amẹ́ríkà ti ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni wọ́n ń kó jọ. Púpọ̀ nínú wọn ní sítáǹpù pupa kékeré kan, oní-sẹ́ǹtì mẹ́ta, tí orí ààrẹ àkọ́kọ́ wọn wà lára rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ dàgbà ju sítáǹpù lọ: kò sí ẹ́ńfílóòpù rárá, ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí gan-an ni wọ́n ká, tí wọ́n fi ìda lẹ̀, tí wọ́n sì kọ àdírẹ́sì sẹ́yìn rẹ̀. Bàbá to gbogbo wọn sínú álúbọ́ọ̀mù ńlá kan. Tí àlejò bá wá kí wa, kó tó mu omi, yóò ti rí ojú ewé mẹ́ta.

Ọkùnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ Ẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Tucker, kò jìnnà sí gáréèjì wa, níbi tó ti ń ta sítáǹpù àtijọ́. Òun ni oníbàárà Bàbá, òun náà sì ni ọ̀tá wọn. Ní ọdún àkọ́kọ́, Bàbá ra ẹ́ńfílóòpù kan lọ́wọ́ rẹ̀ tó mọ́ tónítóní. Akọ̀wé ìgbà náà ti lu òǹtẹ̀, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ náà tàsé, kò kan sítáǹpù rárá. Ẹ́dì ní ohun iyebíye ni. Bàbá gbé e délé. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo tún fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n sì mú un dání láti béèrè nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ́dì wò ó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Ta ló fi báírò fa igi sára sítáǹpù yìí?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé?"

"Kò tíì kú," ni Bàbá wí. "Òǹtẹ̀ tàsé rẹ̀. Bí sítáǹpù bá bọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé ibi tí lẹ́tà ti wá, akọ̀wé ibi tó dé gbọ́dọ̀ fi báírò pa á, kó kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Òfin iṣẹ́ ni. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnìkan lè ṣí i, kó tún un lò."

"Lò ó? Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún!"

"Olè kì í wo ọjọ́ orí."

Ẹ́dì jókòó. Ó pẹ́ kó tó lè ṣàlàyé fún Bàbá pé báírò yẹn ti ba ẹ́ńfílóòpù náà jẹ́ pátápátá, pé kò sẹ́ni tí yóò fẹ́ rà á mọ́ láyé. Bàbá gba ẹ́ńfílóòpù náà padà. Nínú ọkọ̀, mo rò pé inú wọn bàjẹ́. Nígbà tí a dé iná pupa, mo wò wọ́n, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, omi ń dà lójú wọn.

"Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ń pa wọ́n," ni wọ́n wí. "Ọwọ́ mi kò gbọ́ pé mo ti fẹ̀yìn tì."

Kò sí ohun tí wọ́n kì í bá Ẹ́dì jiyàn lé. Ẹ́dì fẹ́ èyí tó mọ́. Bàbá fẹ́ èyí tó dọ̀tí, tó ya létí, tí òǹtẹ̀ kún ara rẹ̀ bí ilà ojú. Ọ̀kan wà tí wọ́n kọ sí ọkùnrin kan ní Savannah. Ọkùnrin náà ti kó lọ. Wọ́n fa igi sí Savannah, wọ́n kọ Augusta. Ó ti kúrò ní Augusta. Wọ́n fa igi sí ìyẹn náà, wọ́n kọ Macon. Ìlú mẹ́ta, òǹtẹ̀ mẹ́ta. Ẹ́dì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ta wọ́n lọ́rẹ. Orí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni Bàbá gbé e sí.

"Èyí rìn," ni wọ́n máa ń wí. "Lẹ́tà tó pẹ́ kọ́ ni lẹ́tà tó sọnù."

Mo gbọ́ gbólóhùn yẹn títí ó fi sú mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹ́ńfílóòpù ni.

Lójoojúmọ́, bí ó bá ti ń di ọ̀sán, Bàbá yóò dé fìlà, wọn yóò lọ dúró nídìí àpótí lẹ́tà níwájú ilé, láti dúró de Denise, obìnrin tó ń pín lẹ́tà ní òpópónà wa. "Good afternoon, my colleague!" Denise yóò bẹ́rí fún wọn bíi sójà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, ìjà ni. Denise ṣèèṣì fi lẹ́tà aládùúgbò wa sínú àpótí tiwa. Bàbá gbé e lọ sí ilé náà fúnra wọn, wọ́n kan ilẹ̀kùn, wọ́n sì ní kí ọkùnrin náà fọwọ́ sí ìwé kan pé òun ti gbà á. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé ìwé náà fún Denise kí òun náà fọwọ́ sí i. Bísí kò mọ ibi tí yóò fi ojú sí.

"Bàbá, light bill lásán ni o!"

"Orúkọ ẹni wà lára rẹ̀. Ẹni náà ń dúró dè é."

"Kò sẹ́ni tó ń dúró de bill, Bàbá."

Wọ́n ronú sí i díẹ̀. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n bill náà ń dúró de ẹni náà."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti iṣu. Láyé àtijọ́, àwọn ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ ní àwọn ìlú kéékèèké Amẹ́ríkà máa ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ òǹtẹ̀ tiwọn láti ara kọ́ọ̀kì, èyí tí wọ́n fi ń dí ẹnu ìgò. Ọ̀kan gbẹ́ ìràwọ̀, òmíràn gbẹ́ ewé, òmíràn gbẹ́ ojú èèyàn pẹ̀lú eyín. Inú Bàbá máa ń dùn sí wọn ju sítáǹpù lọ. Wọ́n fẹ́ gbẹ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n ilé wa kì í mu wáìnì, kò sí kọ́ọ̀kì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo mú àpò oúnjẹ mi, mo rí ìràwọ̀ dúdú kan lára bébà rẹ̀, ó hàn dáadáa. Lọ́sẹ̀ kejì, òṣùpá ni. Lẹ́yìn náà, ojú èèyàn kan tó fẹ́ jọ olùṣọ́àgùntàn wa. Àwọn ọmọ gáréèjì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró dè mí láràárọ̀ láti mọ ohun tó kàn.

Bísí ló mọ ibi tó ti ń wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì.

"Bàbá, Duluth ni mo ti lọ ra iṣu yìí o. Iṣu wọ́n o!"

"Ìdí rẹ̀ nìkan ni mo gé fi gbẹ́ òǹtẹ̀, ìyàwó."

"Iṣu márùn-ún ló wà nínú kíṣìnì mi báyìí tí kò nídìí!"

Bàbá yíjú sí mi bí ẹni pé èmi ni mo pè wọ́n lẹ́jọ́. "Kò burú kí oúnjẹ ọmọ mọ ilé tó ti ń bọ̀."

Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn, Bísí àti Bàbá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jà. Ìjà tó tóbi jù ni ti epo. Ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá ti to ẹ́ńfílóòpù kún tábìlì ìjẹun. Bísí ń gbé ọbẹ̀ kọjá. Epo pupa kán, ẹ̀kán kan ṣoṣo, sí igun ẹ́ńfílóòpù kan. Ó tẹ́ róbótó síbẹ̀. Àwọn méjèèjì bínú síra wọn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni èmi fi ṣe akọ̀wé ìfìwéránṣẹ́ láàárín wọn.

"Délé, sọ fún ìyàwó rẹ pé tábìlì kì í ṣe ojú ọ̀nà."

"Daddy Tọ́lá, ẹ bá mi sọ fún Bàbá pé tábìlì kì í ṣe pósítọ́fíìsì."

Lọ́jọ́ kẹta, Bísí se ẹ̀fọ́ rírò. Bàbá jẹ ẹ́, wọ́n lá ìka. Wọn kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Délé, sọ fún ìyàwó rẹ pé ọbẹ̀ yìí dùn."

"Daddy Tọ́lá," ni Bísí dáhùn, ẹ̀rín ti ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀, "ẹ sọ fún Bàbá pé ó ṣì kù nínú ìkòkò."

Bísí lọ ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. N kò ní sọ púpọ̀ nípa ìyẹn. Lẹ́yìn tí àwọn olùbánikẹ́dùn ti tú ká, Bàbá pè mí sídìí tábìlì yẹn kan náà. Wọ́n ṣí álúbọ́ọ̀mù sí ojú ewé ẹ́ńfílóòpù elépo. Wọ́n ti gbé e sáàárín gbùngbùn ojú ewé, òun nìkan. Wọ́n fi ìka yí ojú epo náà ká.

"Wò ó," ni wọ́n wí. "Bísí náà lu òǹtẹ̀ tirẹ̀. Ó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá."

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ojú Bàbá, èyí tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ tèmi.

Ìwé kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Bàbá mi kú, mo lọ kọ́ iṣẹ́ mọ́tò. Mo lè ka nọ́ńbà, mo lè ka orúkọ ohun èlò ọkọ̀ àti àmì ojú títì. Ṣùgbọ́n odindi ojú ewé kan máa ń mú mi làágùn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń ṣí Bíbélì, mo sì máa ń fi etí kà á. Bísí nìkan ló mọ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi í pa mọ́.

Ọ̀sán Sátidé kan, ní ọdún kan náà tí Bàbá dé, wọ́n pè mí.

"Délé, wá ka àdírẹ́sì yìí fún mi. Ojú mi ń ṣe bàìbàì."

Mo wò ó. Ìkọ̀wé àwọn ará àtijọ́ ni, tí gbogbo álífábẹ́ẹ̀tì di ara wọn lọ́wọ́ mú bí ẹni tó ń sá fún òjò. N kò lè kà á, n kò sì lè sọ pé n kò lè kà á.

Bàbá kò wo ojú mi. Ẹ́ńfílóòpù ni wọ́n ń wò. "Bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó o mọ̀," ni wọ́n wí.

Mo mọ M. A lo Sátidé méjì lórí "Miss" nìkan. Tí mo bá ṣì í kà, wọn kì í ní mo ṣì í. Wọ́n á ní, "Jẹ́ ká tún un wò, bóyá ojú tèmi ló ń tàn mí." Láti orúkọ, a dé ìlú. Láti ìlú, a dé àwọn lẹ́tà tó ṣì wà nínú ẹ́ńfílóòpù mìíràn. Sátidé ọdún mẹ́rin. Mo rántí lẹ́tà kan tí ọkùnrin kan ní Macon kọ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ó ní ìbaaka òun ti kú, pé òjò kò rọ̀, pé òun sì ti gbéyàwó. Bó ṣe tò ó nìyẹn. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ti rẹ́rìn-ín tán kó tó yé mi pé ohun tí èmi fúnra mi kà ló pa mí lẹ́rìn-ín, láìsí ẹni tó kà á fún mi.

Bàbá rọra pa álúbọ́ọ̀mù dé. "Ìbaaka ló ṣáájú ìyàwó," ni wọ́n wí. "Onítọ̀hún mọ ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́."

Ọdún yẹn ni Bísí fi orúkọ mi sílẹ̀ fún kíláàsì GED, ìdánwò tí àgbà tí kò parí ilé ẹ̀kọ́ máa ń ṣe láti gba ìwé ẹ̀rí, nítòsí ibi iṣẹ́ mi. Mo jókòó láàárín àwọn ọmọ tí mo lè bí. Mo kùnà lẹ́ẹ̀kan. Mo tún un ṣe. Nígbà tí èsì dé, Denise ló fi í lé Bàbá lọ́wọ́ nídìí àpótí. Wọn kò ṣí i. Orí tábìlì ni mo bá a nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, Bàbá jókòó tì í bíi ọlọ́dẹ, Bísí ń rìn yípo.

"Kò ní sítáǹpù," ni Bàbá wí. "Kò ní òǹtẹ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ gbogbo rẹ̀. Irú lẹ́tà wo nìyí?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó ṣí i!" Bísí fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Bàbá mú báírò. Wọ́n fa igi méjì sí igun ẹ́ńfílóòpù náà, wọ́n kọ orúkọ wọn ní kúkúrú, wọ́n kọ déètì. Lẹ́yìn náà, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ méjì: *Ó dé*. Wọn kò tíì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ ọ́. Wọ́n tì í sọ́dọ̀ mi.

"Ó yá, kà á fún mi. Ojú mi ń ṣe bàìbàì."

Mo kà á sókè. Mo yege. Bísí fi ṣíbí ìrobẹ̀ lu tábìlì bí ẹni lu ìlù, epo tún kán sílẹ̀, lọ́jọ́ yẹn Bàbá kò bínú. Ẹ́ńfílóòpù yẹn wà nínú álúbọ́ọ̀mù títí di òní, láàárín Macon àti Savannah.

Ní ọjọ́ tí mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Duluth, wọ́n ti sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún. Mo ń retí kí dókítà kọ awò ojú tó nípọn fún wọn. Obìnrin náà jáde wá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní Bàbá ka ìlà tó kéré jù lára ògiri láìdúró, pé òun kò rí irú rẹ̀ rí lára ẹni ọjọ́ orí wọn.

A wọ ọkọ̀.

"Bàbá, dókítà ní ojú yín dáa ju tèmi lọ."

"Dókítà yẹn kò mọ nǹkan kan."

A rìn díẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n wá sọ fún mi. Nígbà tí bàbá mi kú, ìyá mi kọ lẹ́tà sí wọn ní Ṣakí pé kí wọ́n wá mú mi, kí n lè máa bá ilé ẹ̀kọ́ lọ lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti gbé wọn kúrò ní Ṣakí. Lẹ́tà náà tọ̀ wọ́n dé Jọ́ọ̀sì, wọ́n ti kúrò níbẹ̀. Ó tọ̀ wọ́n dé Yola. Ó lé ní ọdún kan kó tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n wọ ọkọ̀ wálé lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Wọ́n bá mi lábẹ́ mọ́tò, girísì bò mí, mo ń kọrin. Ìyá mi ní mo ti gba iṣẹ́ náà sára, kí wọ́n fi mí sílẹ̀.

"Lẹ́tà gbogbo ayé ni mo mú délé," ni Bàbá wí. "Tèmi ló pẹ́."

Ẹ́ńfílóòpù yẹn ló wà ní ojú ewé àkọ́kọ́ álúbọ́ọ̀mù náà. Òun nìkan ni kì í ṣe ti Amẹ́ríkà. Ìlú mẹ́ta, òǹtẹ̀ mẹ́ta. Mo ti rí i fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò béèrè rí. Nígbà tí a délé, mo ṣí i, mo sì ka ìwé ọwọ́ ìyá mi. Lójú kan náà ni mo kà á tán. Bàbá dúró sẹ́yìn mi.

"Ṣé o rí i?" ni wọ́n wí. "Kò sọnù."

Bàbá lọ nínú oorun, ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan. Bí ọ̀sán ti pọ́n, Denise kò rí wọn nídìí àpótí, ó wá kan ilẹ̀kùn. Ẹ́dì wá kí wa pẹ̀lú, ó ní ìgbàkígbà tí a bá fẹ́ ta álúbọ́ọ̀mù náà, òun wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá ti kọ ìlànà wọn sí ẹ̀yìn álúbọ́ọ̀mù náà: *Ẹni tó bá lè kà á ló ni ín.*

Tọ́lá ń fẹ́ ẹ. Ó ti di ọmọ ọdún méjìlélógún, ó ń parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì, ó mọ ohun tí èmi kò lè mọ láéláé. Ṣùgbọ́n ní ilé ìwé wọn, wọn kò kọ́ ọ ní ìkọ̀wé alásopọ̀ ti àwọn ará àtijọ́. Kò lè ka ẹyọ kan nínú àwọn ẹ́ńfílóòpù náà. Bàbá kò yéé fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi lọ: "Yunifásítì tí kò mọ Savannah!" Ní ọ̀sán Sátidé tó kọjá, ó gbé álúbọ́ọ̀mù náà sórí tábìlì, ó jókòó, ó tẹrí bò ó bí ẹni tó ń wo inú kànga.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, what does this say? Ṣé S nìyí àbí L?"

Láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnì tí mo dúró sí, mo ti kà á. Mo fa àga, mo jókòó tì í.

"Kà á fún mi," ni mo wí. "Ojú mi ń ṣe bàìbàì."

Ó gbójú sókè. "Daddy! Last month yìí lẹ renew license yín. Wọ́n test ojú yín níbẹ̀, wọ́n ní ẹ ò need glasses."

"Àwọn yẹn kò mọ nǹkan kan," ni mo wí. "Bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó o mọ̀."